Ìyáà Mi, Ẹja Màmá Ọ̀pẹ̀bí Kò Kú o

Ẹ kú ilé o, Ìyáà mi. Ẹ kú àárò ọmọ, ẹ kú ojú lọ́nà. Láti Oko Ọba l'Ágége níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín, àyà mi kan ilẹ̀ gbalaja. Kì í ṣe irú èyí tí mo máa ń ṣe nílé o, tí mo máa ń fi ìka kan ilẹ̀ tí mo ti sáré jáde. Mo kí Ìyá Àgbà, mo kí eyín tó kù lẹ́nu wọn. Mo kí Alfa Ràṣídì, alábàágbé wa. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, mi ò tíì fi ohùn wọn pe ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé inú wọn kò tíì yọ́ sí mi láti ọjọ́ tí mo fi ohùn wọn pè yín lórí fóònù pé kí ẹ gbé ìrẹsì wá sí mọ́sálásí, tí ẹ gbé e débẹ̀ tó jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo kí Sìlífátù àbúrò mi, ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí báyìí. Sìlí, jọ̀ọ́, bí mo ṣe kọ ọ́ ni kí o ṣe kà á. Má fi tìrẹ kún un. Bí o bá sì dé ibi tí mo ti dárúkọ rẹ nísàlẹ̀, má fò ó.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló kó sí Mùfútáù ọmọ yín lórí tó fi lọ gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn. Ìyáà mi, ẹ̀yin lẹ fà á. Mo pè yín, ẹ pa fóònù. Àǹtí Múíbá àbúrò yín pè yín, ẹ ní ìfẹ́ tí wọ́n ní sí mi ló mú kí wọ́n máa bá mi purọ́. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ Alfa, ẹ wò ó, ẹ ní fọ́tò àtijọ́ ni. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ọjọ́ tí mo gbé fóònù fún Màmá Ọ̀pẹ̀bí tó ni ẹja fúnra wọn. Obìnrin àgbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n húkọ́ bí wọ́n ṣe máa ń húkọ́, wọ́n kí yín, wọ́n ní àwọn ni, pé ẹja àwọn wà láàyè. Ẹ ní kí n yé fi ohùn arúgbó ṣeré. Ẹ ní ikọ́ yẹn gan-an lẹ fi mọ̀ pé èmi ni, pé ikọ́ náà ti pọ̀ jù. Ẹ wá pa fóònù mọ́ Màmá létí.

Màmá gbé fóònù sílẹ̀ lórí àga, wọ́n ń wò mí. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ti ń fi ẹnu mi ṣe láti kékeré tí ìyá tó bí mi kò fi mọ ohùn ọmọlúàbí yàtọ̀ sí tèmi mọ́. 

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé. Ìwé kò ní ohùn, kò sì sí bí mo ṣe lè sín ìwé jẹ. Mo sì mọ̀ pé ohunkóhun tí ẹ bá ti rí nínú ìwé ìròyìn tí Bàbá Fẹ́ńdọ̀ ń tà ní gáréèjì, òótọ́ ni lójú yín. Mo bẹ àwọn olóòtú, wọ́n bá mi tún ọ̀rọ̀ mi tò, nítorí ẹ̀yin náà mọ ibi tí mo ti kúrò nílé ìwé. Àwọn ló fi àmì sí i. Èmi ni mo ni ẹjọ́.

Ẹjọ́ náà nìyí. Ẹ gbà pé ẹja Màmá ti kú. Ẹ gbà pé wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́, pé Àǹtí Múíbá ló ń bọ́ mi, pé ojú ló ń tì mí. Ẹ ti ránṣẹ́ nípasẹ̀ dẹ́rẹ́bà pé kí n di ẹrù mi, pé ẹ ti bá mi rí ọ̀gá kan tó ń jó irin ní Tákìé l'Ógbómọ̀ṣọ́, kí n wálé wá kọ́ṣẹ́ gidi. Ẹ sì ní ẹ̀yin kò ní fẹsẹ̀ tẹ Èkó mọ́, pé ibi tí ẹ ti ba iṣẹ́ ọmọ yín jẹ́, ẹ kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n to gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin pàápàá sì sá lọ kó tó parí.

Iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe lọ́dọ̀ Ọ̀gá Táyé. Ilé àwọn ènìyàn ńlá àti ọ́fíìsì ní Allen àti Ọ̀pẹ̀bí, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja sínú àpótí gíláàsì láti máa fi ṣe ìran wò, ibẹ̀ là ń lọ. Ẹja odò kò le. Èyí tí wọ́n kó wá láti inú òkun ni iṣẹ́, nítorí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe òkun fún un nínú pálọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún yín pé òkun ni mò ń ṣe l'Ékòó, ẹ ní kí n lọ sùn.

Omi ẹ̀rọ tí àwa ń mu, tí a fi ń sebẹ̀, ẹja òkun kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Wọ́n ti fi oògùn sí i láti pa kòkòrò. Oògùn yẹn kò ṣe àwa ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń jó ẹja níbi tó fi ń mí. Páìpù tí omi náà gbà wá pẹ̀lú ti gbó, ó ti dípẹtà. Nígbà òjò bí irú èyí, tí òjò ń rọ̀ l'Ágége bí ẹni pé ẹnì kan ṣí i sílẹ̀ tó gbàgbé, omi ẹ̀rọ á máa jáde bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ gbà á kọjá nínú asẹ́. Kì í ṣe asẹ́ ògì o. Ike gbọọrọ ni wọ́n to mọ́ ara ògiri. Ti àkọ́kọ́ á mú iyanrìn àti ìpẹtà. Èyí tó tẹ̀ lé e, èédú ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń gbé oògùn omi mì. Ti ìkẹyìn, ihò rẹ̀ kéré débi pé omi gan-an ló ń fi agbára fún ara rẹ̀ kọjá. Yóò wá máa kán, tó, tó, tó, bí ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí ará ilé mọ̀. Omi tí kò bá rí ọ̀nà kọjá á gba páìpù mìíràn jáde. Ẹ rántí pé lọ́jọ́ tí ẹ wá, ẹ bínú nígbà tí ẹ rí omi yẹn, ẹ ní ṣé gbogbo èyí là ń dà nù nígbà tí àwọn kan ń pọn omi láti ìsàlẹ̀ òkè. Mo ní a kì í dà á nù, a fi ń fọ ilẹ̀, a fi ń bomi rin òdòdó. Ẹ lọ wá báàfù, ẹ gbé e sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Táyé ní nǹkan kékeré kan bíi tẹmọ́mítà tí wọ́n máa ń tì bọ omi tó jáde. Bó bá fi òfo hàn, ó túmọ̀ sí pé omi náà ti bọ́ gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Mo tọ́ ọ wò rí. Kò ní adùn, kò ní ìkorò, àfi bí ẹni pé ènìyàn ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Inú omi òfo yìí la wá ń da iyọ̀ òkun sí. Ìyẹn náà kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Inú àpò ni wọ́n ń kó o wá, gbogbo ohun tó wà nínú òkun ni wọ́n ti pò mọ́ ọn.

Ìyáà mi, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da iyọ̀ yẹn sómi, omi náà á funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Kò dọ̀tí. Iyọ̀ rẹ̀ ni kò tíì yòrò tán. A ó fi ẹ̀rọ kékeré máa rú u nínú dúrọ́ọ̀mù, ó tó ìgbà tí ẹ̀wà líle fi ń jinná, yóò wá mọ́ gaara fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, á rò pé ìdọ̀tí ló wà nínú rẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ̀? Èmi náà kò mọ̀ kí wọ́n tó kọ́ mi.

Nínú gbogbo ilé tí à ń lọ, ti Màmá Ọ̀pẹ̀bí ni mo fẹ́ràn jù. Ọkọ wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí kò lè lọ sí òkun mọ́, ó gbé òkun wá sílé. Ó ti di olóògbé, àwọn ọmọ wà lókè òkun, ó wá ku Màmá àti ẹja. Ẹja pupa rúsúrúsú kan wà níbẹ̀ tí ìlà funfun yí orí rẹ̀ po bíi láwàní. Bàbá ló sọ ọ́ ní Láwàní. Kristẹni ni Bàbá o, àmọ́ ó ní ẹja yẹn ti lọ Mẹ́kà. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó dà bí òdòdó, tí Láwàní máa ń wọ̀ sínú rẹ̀ sùn. Ẹni tó bá rí i á rò pé ewé ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Màmá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi ohùn Ọ̀gá Táyé sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé Ọ̀gá Táyé kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n má bèèrè pé ṣé ó ń yé ẹ. Ẹ kú àárọ̀ mà, ṣé ó ń yé yín? Láti ìgbà náà, bí mo bá ti débẹ̀, Màmá á ní kí n ṣe ti Hausa tó ń da màlúù ní Oko Ọba, kí n ṣe ti àwọn alápatà tó ń sáré yà fún ìwo. Wọ́n á máa fi etí aṣọ nu ojú. Ilé yẹn dákẹ́ púpọ̀, Ìyáà mi. Èmi náà mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Ilé Àǹtí Múíbá kò dákẹ́, àwọn oníbàárà pọ̀nmọ́ kì í jẹ́ ká gbọ́rọ̀, síbẹ̀ ènìyàn lè wà láàárín ariwo kó máa gbọ́ pé ohùn kan kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe dé, tẹ̀yin ti àpò mángòrò. Ẹ ní ẹ kò wá wo Èkó, ọmọ yín lẹ wá wò, ẹ sì fẹ́ rí òkun tó ní òun ń ṣe. Mo mú yín lọ sí Ọ̀pẹ̀bí. Ẹ kò tíì wo ẹja dé ibì kan tí ojú yín ti kúrò lára gíláàsì, tó ti lọ sórí Màmá. Síkáàfù ni wọ́n so mọ́ ọn, irun funfun ń yọ lábẹ́ rẹ̀ ní wúruwùru. Ẹ bi wọ́n pé ta ní ń bá wọn dirí. Wọ́n ní láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, síkáàfù náà ti tó. Ẹ ní kò tó. Ẹ ní ẹ kú ọ̀fọ̀ o, ṣùgbọ́n kò tó. Onídìrí kì í fi ìlarun sílẹ̀ nílé, ẹ ti yọ ọ́ nínú báàgì kí wọ́n tó gbẹ́nu lé e. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, Màmá Ọ̀pẹ̀bí tí ọ̀gá báǹkì ń dọ̀bálẹ̀ kí, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín orúnkún yín bí ọmọge, wọ́n di ojú, ẹ̀yin ń yà á lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ ní ṣùkú lẹ fẹ́ dì fún wọn, pé ó ń jẹ́ kí ojú obìnrin ṣí.

Ọ̀gá Táyé pè mí lórí fóònù pé kí n sáré lọ ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọgíláàsì. Mo ti da iyọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìnkùlé, ẹ̀rọ ń rú u. Mo jáde.

Ìgbà yẹn lẹ dìde láti ṣan ọwọ́. Ẹ rí omi funfun nínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ wò ó pé irú omi báyìí ni ọmọ yín fẹ́ fi fún ẹja ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n á sì bú u. Ẹ tú etí ìró yín, ẹ yọ álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí a fi ń mú omi mọ́, tí ẹ máa ń so mọ́ ọn bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, nítorí ẹ kò fọkàn tán omi ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ ní Bìsímílàhì. Ẹ fi í ru omi náà yípo, yípo, bí ẹ ṣe ń ru omi kànga fún wa láti kékeré, títí ìdọ̀tí fi máa ń sọ̀ sísàlẹ̀ tí a ó fi máa bu ti òkè mu. Mo rí ọwọ́ yín lójú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Álọ́ọ̀mù yẹn náà ni mo mu dàgbà. Kò sí ìyá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa rí omi funfun tó máa kọjá lára rẹ̀.

Mo dé, mo rí omi, ó ti mọ́. Mo ní iyọ̀ tí Ọ̀gá rà lọ́tẹ̀ yìí mà dára o. Mo ki rọ́bà bọ̀ ọ́, mo fa omi náà sínú gíláàsì.

Kò pẹ́. Láwàní jáde nínú òdòdó rẹ̀, ó gòkè, ó ń ya ẹnu lórí omi. Òdòdó náà ká jọ bí ìkúùkù. Mo pariwo. Màmá bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá! Wọ́n ní eré wo ni mo tún gbé dé lónìí, nítorí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti pariwo bẹ́ẹ̀ pé Láwàní ń sọ òyìnbó. Mo ní kì í ṣe eré. Mo ní mo fi Ọlọ́run búra. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dára, kí ni ó wá sọ? Ìyáà mi, ẹ̀yin lẹ sáré jáde. Ìṣẹ́jú kan lẹ wo ojú mi, ẹ sì yíjú sí Màmá pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dìde, ọmọ yìí kò ṣeré. Ohùn ni mo lè fi tàn yín, mi ò lè fi ojú tàn yín láéláé.

Mo sáré lọ síbi dúrọ́ọ̀mù, mo ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, mo kan ohun funfun tó rọ̀ bí ìfófó. Mo bèèrè. Ẹ rọra dáhùn pé ẹ fi álọ́ọ̀mù bá mi fọ omi náà mọ́ ni, nítorí ẹ rí i pé ó dọ̀tí, iṣẹ́ sì pọ̀ fún mi. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kí òun. Mi ò mọ bí mo ṣe wo yín. Mo rí i pé ẹ̀rín náà kú.

Mo pe Ọ̀gá Táyé lórí fóònù, wọ́n gun ọ̀kadà dé, wọ́n ń pariwo láti géètì. Wọ́n ní ta ló ṣe é. Mo ní èmi ni. Ẹ̀yin ní ẹ̀yin ni. Mo tún ní èmi ni. Ọ̀gá ní ṣé ìdíje ìdílé ni, ṣé ó ń yé wa, ẹja ń kú lọ! Inú ti bí wọn, wọ́n wá sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, bí Láwàní bá kú, kí ẹni náà má tún fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí, àti ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbínú ni. Wọn kò tíì wo ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. A ń gbé ẹja sínú báàfù, mo ń wá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ojú mi kò sí lára yín. Nígbà tí mo máa gbórí sókè, ẹ ti gbé báàgì, ẹ ti lọ. Mo sáré dé títì, mi ò rí yín. Ẹ ti wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kí Àǹtí Múíbá tó kúrò nídìí ìsọ̀.

Ibi tí ẹ kò dúró rí nìyí.

Ọ̀gá Táyé máa ń ṣe omi òkun pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ní Agége, nítorí iná àti omi tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ kó gáloònù wá. A fi omi tuntun sínú báàfù mìíràn, a gbé Láwàní sí i, a gbé àwọn ẹja tó kù sí i. Òdòdó náà, a gbé e tòun ti òkúta tó lẹ̀ mọ́. A dà lára omi gíláàsì nù, a fi tuntun sí i, a tún dà, a tún fi sí i, a kó èédú sínú asẹ́ rẹ̀. Màmá di báàfù mú bí ẹni di ọmọ mú, wọ́n ń bá Láwàní sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn, pé Bàbá fi í síkàáwọ́ àwọn. Mo fẹ́ fi ohùn ẹnì kan dẹ́rìn-ín pa wọ́n, kò sí ohùn tó jáde lẹ́nu mi. Èmi!

Kí oòrùn tó wọ̀, Láwàní yí ìrù. Màmá fi oúnjẹ sórí ìka, wọ́n nà án sómi, Láwàní wá gé e jẹ. Màmá ké Halelúyà, èmi ní Alihamudulilahi, Ọ̀gá Táyé jókòó sílẹ̀ nínú omi. Òdòdó ló pẹ́ kó tó ṣí. Ọjọ́ tó ṣí, Láwàní wọ inú rẹ̀, ó sùn lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Wọn kò lé mi o. Owó tí mo fi ránṣẹ́ tí ẹ dá padà, owó iṣẹ́ ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà á. Ọ̀gá Táyé gan-an ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn. Wọ́n ní ìyá tó bí àwọn ní Ìsẹ́yìn, bó bá jẹ́ ìyá yẹn ló wá, wọn kì bá ti fi álọ́ọ̀mù mọ sí dúrọ́ọ̀mù, wọn ì bá jù ú sínú gíláàsì tẹja-tẹja. Wọ́n ti ṣe ìdérí sí gbogbo dúrọ́ọ̀mù wa báyìí. Bí a bá dé ilé tuntun, kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni, wọ́n á bèèrè pé ta ni ìyá nínú ilé yìí, kí wọ́n lè ṣàlàyé fún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orí Màmá.

Ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ kan lẹ dì dé? Apá ọ̀tún ti di ṣùkú, ó dúró kẹ́kẹ́, ó ń dán. Apá òsì, wúruwùru ni. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di òní. Ìlarun yín fi ara kọ́ irun wọn níbi tí ẹ dá a dúró sí nígbà tí ẹ sá lọ, Màmá ló yọ ọ́, wọ́n sì gbé e lé orí gíláàsì ẹja. Obìnrin kan nínú ìjọ wọn ní òun á bá wọn parí rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Onídìrí kan láti Allen wá tòun ti àga rẹ̀. Wọ́n ní orí yìí ní ẹni tó ń dì í lọ́wọ́. Gèlè ńlá ni wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ wọn rí wọn lórí fóònù láti òkè òkun, ó ní Mọ́mì, kí ló ṣe ẹ̀gbẹ́ kan orí yín? Wọ́n ní onídìrí Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló ń bọ̀ wá parí rẹ̀. Ó ń yún wọn gan-an, Ìyáà mi. Mo máa ń rí i tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá a.

Mo mọ̀ pé títí dé ibi tí Sìlí ka ìwé yìí dé, ẹ ṣì ń mi orí. Ẹ ń sọ pé Mùfú ló jókòó tó ro gbogbo èyí. Màmá náà mọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n ní kí n mú bírò, wọ́n fẹ́ sọ ohun kan tí ẹ sọ fún wọn nínú yàrá nígbà tí ẹ ń dirí, tí mo wà ní Allen tí mò ń ra búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe èmi.

Wọ́n ní ẹ bi àwọn bóyá ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn náà. Ẹ ní ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí ẹ bá ti sọ oúnjẹ kalẹ̀, ọwọ́ yín á lọ mú abọ́ tánńganran mi tó ní ìlà búlúù létí, ẹ ó bu tèmi sínú rẹ̀, ẹ ó dé e, ẹ ó gbé e sórí pẹpẹ. Ẹ ní ẹ mọ̀ pé mi ò sí nílé, ẹ kò ya wèrè, ọwọ́ ni kò tíì gbọ́. Pé títí di ìrọ̀lẹ́, á wà níbẹ̀. Sìlí á wá jẹ ẹ́.

Sìlí, má fò ó.

Ìyáà mi, mi ò mọ̀. Ta ní máa sọ fún mi? Sìlí kò sọ, ẹran ló ń jẹ níbẹ̀. Mo lè sín ikọ́ Màmá jẹ, mo lè sín Alfa, mo lè sín màlúù. Ohun tí mi ò gbọ́ rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sín in jẹ? Bí Màmá ṣe sọ ọ́ tán, mo gbé bírò sílẹ̀. Mo lọ dúró níwájú Láwàní, mo ṣe bí ẹni tó ń wo omi.

Ẹ wá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wá parí orí tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ìlarun yín wà níbi tí mo sọ, Màmá ti ra òwú. Mo máa fi dúrọ́ọ̀mù hàn yín, ẹ ó rí bí omi funfun ṣe ń mọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ fi álọ́ọ̀mù sílẹ̀ nílé. Tàbí ẹ mú un dání, ó dára bẹ́ẹ̀, omi tí à ń mu nílé Àǹtí Múíbá wà tí ẹ lè fi í rú. Bí ẹ bá wá, ẹ gbé abọ́ yẹn dání pẹ̀lú, kí ẹ bu tèmi fún mi kí n jẹ ẹ́ níwájú yín, kí Sìlí má rí ẹran rẹ̀ jẹ mọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ọwọ́ yín tó ń dì, tó ń bù, tó ń rú, kò ní rọ. Ẹ ó jẹun lọ́wọ́ mi, ẹ ó sì jẹ ẹ́ pẹ́. Ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí Alfa, ẹ kí gbogbo oníbàárà abẹ́ igi mángòrò, ẹ sọ fún ọ̀gá tó ń jó irin pé mo kí i, iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Màmá Ọ̀pẹ̀bí kí yín. Láwàní ya ẹnu, ó ní òun náà kí yín. Ìyẹn nìkan ni mo fi kún un.

Èmi ni, kì í ṣe ohùn ẹlòmíràn, èmi ọmọ yín tí abọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí pẹpẹ,

Mùfútáù Àkànní.